Òtítọ́ ní Ọjà: Ìjọ Ọlọ́run àti Òwò Àìrẹ́jẹ, láti Abẹ́òkúta dé Agége

Àwọn baba wa a máa pa á ní òwe pé, òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé kí olódodo má tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọjà rárá. Síbẹ̀, láti ìgbà dé ìgbà, ní ilẹ̀ wa àti ní òkè òkun, ni àwọn ọmọ ìjọ kan ti ń péjọ, tí wọ́n sì ń pinnu pé àwọn yóò gbé òtítọ́ lọ sí ọjà, àwọn yóò sì tà á. Wọn a ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn, tàbí kí wọ́n tẹ́ tábìlì sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Àwọn tí ń tajà níbẹ̀ kì í gba owó iṣẹ́. Ara wọn ni wọ́n yọ̀ǹda. Ohun tí wọ́n fi ń dá oníbàárà lójú ni pé ẹni tí ó gbin kòkó, ẹni tí ó hun aṣọ, ẹni tí ó mọ ìkòkò, ti gba owó tí ó tọ́ sí i, àti pé alágbàtà kò jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni a pè ní òwò àìrẹ́jẹ nínú àròkọ yìí.

Bí a bá bi àwọn tí ń ṣe òwò náà ní òde òní pé níbo ni ó ti ṣẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1946 ni Edna Ruth Byler, obìnrin kan nínú ìjọ Mennonite, bẹ̀rẹ̀ sí ta iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin Puerto Rico ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀. Láti inú èyí ni ilé iṣẹ́ Ten Thousand Villages ti hù. Ní 1949 ni Church of the Brethren dá SERRV sílẹ̀, láti bá àwọn tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn ní Yúróòpù ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1969 a ṣí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Breukelen ní ilẹ̀ Họ́lándì. Nígbà tí ó di 1979 a dá Traidcraft sílẹ̀ ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n sì ń tà ọjà rẹ̀ káàkiri. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé.

Ṣógúnlé, tí ó wà láàrin Òṣòdì àti Ìkẹjà, kì í ṣe ibi tí a máa ń dárúkọ nínú ìtàn òwò. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ó gba ibẹ̀ kọjá, èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí a sì ṣí títí dé Ìbàdàn ní 1901, ni ó so oko Agége pọ̀ mọ́ èbúté Èkó. Ọ̀nà yìí ni kòkó àwọn ọmọ ìjọ kan ń gbà lọ sí òkè òkun, ní bí ogójì ọdún kí Byler tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kiri. Ní bí àádọ́ta ọdún ṣáájú àwọn ará Agége ẹ̀wẹ̀, òwú àwọn ọmọ ìjọ Abẹ́òkúta ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Manchester. Ìtàn méjèèjì yìí tan mọ́ ara wọn, wọ́n sì kọ́ ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Kò ṣòro púpọ̀ fún ìjọ láti bá olùrà òkèèrè jiyàn lórí iye owó. Ohun tí ó ṣòro ni láti wo ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ ìkẹyìn, ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọ, tí kò sì sí nínú ìwé owó. Ibẹ̀ ni a ti ń dá òwò àìrẹ́jẹ mọ̀ yàtọ̀ sí òwò tí a kàn fi orúkọ Ọlọ́run bò lórí.

Ṣọ́ọ̀bù tí kò ta iṣẹ́ ẹrú

Kí ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó mú kí ará Manchester kan máa wá òwú dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1791, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fòpin sí òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ náà pinnu pé ṣúgà tí àwọn ẹrú gbìn ní àwọn erékùṣù West Indies kò ní wọ ilé àwọn mọ́. Ìrònú wọn kò le: bí kò bá sí olùrà, kò ní sí olówò. Láti inú èrò yìí ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, níbi tí a kò ti ta ohunkóhun tí ẹrú fọwọ́ kàn. Benjamin Lundy ṣí ọ̀kan ní Baltimore ní 1826. Obìnrin kan, Lydia White, ṣí tirẹ̀ ní Philadelphia ní 1830, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí di 1846.

Ìṣòro àwọn ṣọ́ọ̀bù náà kò yàtọ̀ sí ìṣòro irú wọn títí di òní. Ọjà wọn wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà mìíràn kò dára tó ti ọjà gbogbo. Òwú ni ó ni wọ́n lára jù, nítorí pé iṣẹ́ ẹrú ni òwú Amẹ́ríkà, òun náà ni ó sì kún inú àwọn ilé ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá kórìíra oko ẹrú, tí ó sì fẹ́ wọ aṣọ, níbo ni yóò ti rí òwú?

Thomas Fowell Buxton rò pé òun mọ ìdáhùn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1839 àti 1840, ó sọ pé Bíbélì àti ohun ìtulẹ̀ ni yóò wo Áfíríkà sàn. Bí àwọn ará ilẹ̀ náà bá lè gbin ohun tí Yúróòpù ń wá, kí wọ́n sì rí èrè níbẹ̀, wọn kò ní ta ọmọnìkejì wọn mọ́. Ìrìn àjò tí a kọ́kọ́ fi dán èrò yìí wò, èyí tí ó gòkè Odò Ọya ní 1841, parí sí ìbànújẹ́, nítorí ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Èrò náà kò kú ní tirẹ̀. Ó kàn yà sí ọ̀nà mìíràn ni, ọ̀nà náà sì já sí Abẹ́òkúta.

Òwú Abẹ́òkúta

Henry Venn ni akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 títí di 1872. Ó ní èrò kan tí kò fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀: kí ìjọ Áfíríkà máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tí kò ní owó kò lè bọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni Venn ṣe fẹ́ kí àwọn oníṣòwò dìde láàrin àwọn ọmọ ìjọ, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, bí kò ṣe ọ̀gá ara wọn. Kò sì fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ CMS wọ inú òwò. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní ọkàn rere ni ó kó jọ fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe é láìgba owó. Ìpàdé àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni, bí èyí tí a ń rí nínú gbọ̀ngàn ìjọ títí di òní.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ni Thomas Clegg, oníṣòwò aṣọ ní Manchester tí ó tún jẹ́ baba ìjọ. Ó ra ẹ̀rọ tí ń yọ kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, àti èyí tí ń ki òwú pinpin sínú àpò. A mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ bí a ti ń tún òwú ṣe. Henry Robbin wà lára wọn, ọmọ Sàró tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Manchester. Òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ àlùfáà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ni a fi ṣe alábòójútó ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn àgbẹ̀ a gbé òwú wá, wọn a gba owó ẹyọ; a ó yọ kóró rẹ̀, a ó dì í, a ó sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ògùn lọ sí Èkó.

Òwò náà kò yára dàgbà. Òwú tí ó dé ọwọ́ Clegg ní 1852 kò tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 2,000. Nígbà tí ó fi di 1859, ó ti ju 400,000 lọ. Bí a bá fi iye yìí wé òwú Amẹ́ríkà, ìkán omi nínú òkun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wé ohun tí ìjọ kan dá sílẹ̀ láti inú àpò àwọn ọ̀rẹ́, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ibi tí owó bá wọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọ̀. Kò pẹ́ tí èdèàìyedè fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin Clegg àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń bá a ra òwú. Òun rò pé aṣojú òun ni wọ́n. Àwọn mọ̀ pé oníṣòwò ni àwọn. Ìwé owó ni ìjà náà lé lórí, àti ìbéèrè kan tí ó ju ìwé owó lọ: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí a ó ti ta òwú? Venn dúró ti àwọn ọmọ Áfíríkà. Lójú rẹ̀, bí wọ́n bá mọ iye tí òwú ń lọ ní Manchester, tí wọ́n sì lómìnira láti tà á fún ẹni tí ó bá san án dáadáa, òwò náà ti ṣe ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Clegg kì í ṣe ènìyàn búburú. Olóore ni, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún olóore púpọ̀ láti gbà pé ẹni tí òun ràn lọ́wọ́ ti di ẹgbẹ́ òun.

Òdodo tí ó kùnà níhìn-ín kọ́, ó kùnà níbòmíràn. Ìdí pàtàkì tí àwọn olùrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wá òwú Abẹ́òkúta ni pé wọ́n fẹ́ òwú tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ìgbà náà, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹrú àti àwọn ìwọ̀fà ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko, àwọn náà ni wọ́n sì ń ru ẹrù. Àwọn ọmọ ìjọ kan wà tí wọ́n ní ẹrú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá kò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé aṣọ tí olùfọkànsìn kan wọ̀ ní Manchester, tí ó sì ń dúpẹ́ pé ọwọ́ ẹrú kò kàn án, lè ti gba orí ẹrú kọjá láti oko dé etí odò. Àwọn míṣọ́nnárì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1879 ni ẹgbẹ́ CMS tó pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan má ṣe ní ẹrú mọ́. James Johnson, àlùfáà ọmọ Sàró tí ó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ní òkè nígbà náà, fi ọwọ́ líle mú òfin náà. Ọ̀pọ̀ bínú sí i, a sì mú un kúrò ní ipò náà ní 1880. Èkó ni ó padà sí, ó di àlùfáà ìjọ St Paul's ní Breadfruit. Kí olùkàwé fi orúkọ ìjọ yìí sọ́kàn, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ìtàn Agége ti jáde.

Òwò òwú náà ti rọ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ogun Ìjàyè tí ó bẹ́ ní 1860 dí ọ̀nà. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà gbé owó òwú sókè láti 1861, ṣùgbọ́n nígbà tí ó parí ní 1865, owó náà wálẹ̀. Àárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó kò gún lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, títí Ìfọ́lé fi dé ní 1867, tí a kó ilé ìsìn lẹ́rù, tí a sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Epo àti ẹ̀kùrọ́ gba ipò òwú lọ́jà.

Kòkó Agége

Láti bí 1880, nǹkan kò rọgbọ fún àwọn ọlọ́jà dúdú ní Èkó. Owó epo ń já wálẹ̀ ní òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì ń fún ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀. Àwọn kan nínú wọn bá yíjú sí oko. James Pinson Labulo Davies ni aṣáájú wọn, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ó di oníṣòwò ńlá, tí ó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1859, ṣùgbọ́n tí òwò rẹ̀ dojú dé ní àárín ọdún 1870 sí 1880. Ó gbin kòkó sí Ìjọn, nítòsí Agége. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n sì tẹ̀lé e.

Ẹni tí ó sọ oko náà di iṣẹ́ ìjọ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, tí a bí ní 1866. Oníṣòwò ni ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ìjọ Breadfruit sì ni. Ní 1900 a fi James Johnson jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell sì ní kí ó kúrò ní Breadfruit ní 1901, inú bí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ, nítorí wọ́n rí i gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀sí sí àlùfáà dúdú. Coker àti àwọn tí ó pọ̀ bá jáde, wọ́n dá African Church Bethel sílẹ̀ ní ọdún náà. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ìjọ tí ó ti jáde kúrò lábẹ́ òyìnbó kò ní owó òkè òkun kankan tí yóò máa retí. Ohun tí Venn fẹ́ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kọ́ ìjọ Áfíríkà ti di dandan fún un: bọ́ ara rẹ tàbí kí ebi pa ọ́.

Kòkó ni Coker fi dáhùn. Oko rẹ̀ wà ní Ìfakọ̀ ní Agége. Ọkọ̀ ojú irin tí a ṣí ní ọdún kan náà tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ mú kí kòkó láti Agége dé èbúté láàrin ọjọ́ kan, kò sí pé à ń gbé e lórí mọ́. Ní 1907 àwọn ọlọ́gbìn náà péjọ, wọ́n sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀, Coker sì ni ààrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ African Church. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá láti ọjọ́ tí a ti dá ọjà sílẹ̀: kí olùrà má bàa máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá ronú pé ọdún 1935 ni ìjọba tó ṣe òfin fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, a ó rí i pé àwọn ará Agége ti ṣáájú ìjọba ní bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Níhìn-ín pẹ̀lú ó yẹ kí a bi ìbéèrè tí a bi ní Abẹ́òkúta: ta ni ó wà ní ìkẹyìn? Ẹgbẹ́ àwọn olóko ni Agege Planters' Union. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n ń ro oko, tí wọ́n ń ká kòkó, tí wọ́n sì ń sá a, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Láti òkè ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, láti ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni a ń san fún wọn. Ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtẹ̀síwájú lórí ẹrú àti ìwọ̀fà ilẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí olóko àti alágbàṣe bá jọ gbàdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi, ní ọjọ́ Ajé olóko nìkan ni ó mọ iye tí kòkó tà.

Ohun tí ó gba Agége là nínú ìtàn ni pé kò fi ọgbọ́n iṣẹ́ pamọ́. Ọ̀gá tí ó bá bẹ̀rù pé ọmọ iṣẹ́ òun yóò di ẹgbẹ́ òun ní ọ̀la kì í fi gbogbo iṣẹ́ hàn án. Coker fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n. Alágbàṣe tí ó bá ń padà sí ìlú rẹ̀ a mú kóró kòkó lọ́wọ́, a sì mú ọgbọ́n gbígbìn rẹ̀ lọ́kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ African Church tí wọ́n ń lọ wàásù ní òkè a sì máa gbé kòkó lọ pẹ̀lú Bíbélì. Agége nìkan kọ́ ni ó tan kòkó ká ilẹ̀ Yorùbá. Ọgbà ọ̀gbìn ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní Ẹbútẹ́ Mẹ́tà ní 1887 ṣe tirẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Kristẹni ní Ìbàdàn náà sì ṣe tiwọn. Síbẹ̀, ipa Agége hàn gedegbe. Àwọn tí kò ní orúkọ nínú ìwé ẹgbẹ́ di olóko ní ilé wọn. Òdodo tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni ó gbà.

Ọjà kò mọ ẹni mímọ́. Ní 1920 sí 1921 owó kòkó já ní gbogbo àgbáyé, Agége sì gba ọgbẹ́ tí kò san títí. Coker wà láàyè títí di 1945, ṣùgbọ́n ìgbà tí Agége jẹ́ orí fún kòkó ti kọjá ṣáájú rẹ̀. Àwọn ìlú òkè tí alágbàṣe rẹ̀ ti wá ni wọ́n ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n

Bí kòkó ti tàn kálẹ̀ tán, ìjà lórí iye owó rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìjọ. Ní 1937 àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní bá ara wọn du owó mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957, bá kọ̀, wọn kò ta kòkó títí wọ inú 1938, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá láti wádìí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba gba títà kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1947. A sì tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986. Ní gbogbo ìgbà yìí àwọn alágbàtà kò kúrò láàrin. Àwọn ni wọ́n ń fi páànù wọn kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ tí kò lè ka òṣùwọ̀n a sì máa gba ohun tí a bá fún un.

Gánà ni ìtàn náà ti padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ. Ní 1993 àwọn àgbẹ̀ kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo sílẹ̀, orúkọ tí ó túmọ̀ sí àgbẹ̀ kòkó rere ní èdè Twi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni ó ṣe pàtàkì jù: ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n yan ẹni tí yóò máa wọn kòkó, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n kúrò lọ́wọ́ àjèjì, ó di ti ẹni tí wọ́n mọ ilé baba rẹ̀. Ní 1998 ni a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa ta ṣokoléètì wọn, èyí tí a wá mọ̀ sí Divine. Àwọn àgbẹ̀ náà ní ìpín nínú rẹ̀. Christian Aid, àjọ àwọn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ohun tí Robbin àti Crowther kékeré bá Clegg jà fún, pé kí ẹni tí ó ni ọjà mọ iye rẹ̀, kí ó sì ní ẹnu nínú títà rẹ̀, ni a kọ sínú ìwé àdéhùn ní bí ogóje ọdún lẹ́yìn wọn.

Ohun tí ìtàn fi lé ni lọ́wọ́

Àwọn ìjọ pọ̀ ní Ṣógúnlé, àti ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ láti Òṣòdì sí Agége. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù òwò àìrẹ́jẹ lónìí, tí àwọn ọmọ ìjọ yóò sì máa tajà níbẹ̀ láìgba owó, ìtàn Abẹ́òkúta àti ti Agége ní ohun mẹ́ta láti sọ fún un.

Èkíní ni pé ìyọ̀ǹda ara ẹni dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe arọ́pò ìwé owó. Ẹni tí kò gba owó iṣẹ́ lè rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní ìbéèrè. Àárín Clegg àti àwọn ará Abẹ́òkúta fi hàn pé inú rere tí kò fi àkọsílẹ̀ han ẹnìkejì a máa di ìjà. Ìtara nìkan kò sì lè mú òwò dúró: Traidcraft, tí àwọn ìjọ gbé ró fún bí ọdún mẹ́rìnlélógójì, wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé ní 2023.

Èkejì ni pé kí a má ṣe dúró sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a wò kọjá rẹ̀. Olóko ni à ń bá dọ́wọ̀ọ́. Ta ni ó ro oko? Aláṣọ ni à ń san owó fún. Ta ni ó ran òwú? Bí a bá dá ìbéèrè náà dúró ní ibi tí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ti di ará Manchester tí ń dúpẹ́ lórí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé owó tí ó tọ́ dára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó ń pẹ́. Ẹ̀rọ òwú Clegg ti di ohun ìgbàgbé. Kóró kòkó tí alágbàṣe Agége dì mọ́ ẹrù rẹ̀ lọ sílé ni ó rán ọmọ àgbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìran lẹ́yìn rẹ̀, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe òwò àìrẹ́jẹ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ lọ́dọọdún pé, láàrin àwọn tí à ń bá ṣe é, mélòó ni kò nílò wa mọ́?

Òwe àwọn baba wa kò parọ́: òtítọ́ a máa kùtà lọ́jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí kò rà á. Nígbà mìíràn ẹni tí ó gbé e wá ni kò tú ẹrù náà títí dé ìsàlẹ̀.